Ẹ Ra Íńtálọ́ọ̀kì Wọn, Ẹ Fi Àtẹ́wọ́ Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi lónìí. Bá a ṣe ń yin àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìdọ̀tí ṣiṣẹ́ ajé nílẹ̀ Áfíríkà ti sú mi. Bó bá ti di June 5, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àyíká, ẹ ó rí fọ́tò rẹpẹtẹ: àwọn ọ̀gá ńláńlá tó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, tí wọ́n di ìgbálẹ̀ tí kò tíì kan ilẹ̀ rí mú, àti ọ̀dọ́ kan láàárín wọn tí wọ́n gbé àwo àmì ẹ̀yẹ lé lọ́wọ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á jẹ ráìsì, abọ́ fóòmù tí wọ́n fi jẹ ẹ́ á sì wọnú gọ́tà. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ tó gba àwọ́ọ̀dù á padà sí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọjà tó ti ṣe á wà níbẹ̀ gègèrè, kò ní sí ẹni tó máa rà á.

Ohun tí mò ń sọ ò ju báyìí lọ: ẹ ra ọjà wọn. Ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ẹ rà á. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, títí kan ìhìnrere àyíká.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Ìbàdàn tó wà nítòsí. Ọdún 2020 ni ilé iṣẹ́ Freetown Waste Management Recycle, tí Ifẹ́dọlápọ̀ Runsewe dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ táyà tó ti kú di íńtálọ́ọ̀kì, ìyẹn bíríkì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, àti táìsì ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2021, wọ́n ti di 128. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa táyà kiri ni wọ́n ti ń rà á, náírà 70 sí 100 lórí ẹyọ kan nígbà náà.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ibi tí táyà ń kú sí. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà èyíkéyìí: òkìtì táyà, omi òjò nínú rẹ̀, tanwíji ń jó nínú omi. Èyí tí ò bá sí lẹ́yìn fọkanáísà ti dé ibi tí wọ́n ti ń sun pọ̀nmọ́. Gbogbo wa la mọ èéfín dúdú yẹn, tó máa ń wọ aṣọ tí kì í jáde bọ̀rọ̀. Awọ màlúù tí wọ́n fi táyà sun náà la ó tún lọ rà lọ́jà, a ó bù ú sínú ọbẹ̀, a ó ní ó dùn. (Ẹ má bi mí bóyá mo ti fi pọ̀nmọ́ sílẹ̀.) Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ọjọ́ tí inú bá bí àwọn èèyàn ni wọ́n á dáná sun ún lójú títì.

Bí táyà bá dé ilé iṣẹ́ tó ń tún un ṣe, wọ́n á kọ́kọ́ fa wáyà irin inú rẹ̀ yọ. Ẹ̀rọ á gé rọ́bà rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí á fi dà bí iyanrìn, wọ́n á pò ó mọ́ ohun tó máa jẹ́ kó lẹ̀ pọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú lé e, orúnkún rẹ̀ ò ní bó tó bó ṣe máa bó lórí sìmẹ́ǹtì.

Ó dáa. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba mélòó lẹ mọ̀ tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ pupa ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré, tí gbogbo ẹ̀ á di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀? Bẹ́ẹ̀, ọdọọdún ni ìjọba ń gbé kọńtíráàtì íńtálọ́ọ̀kì jáde. Wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ọgbà sẹkitéríàtì, sí àyíká ọjà, sí ojú ọ̀nà tí àwọn aṣòfin fi ń ṣe kámpéènì. Sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń rí. Ká ní ìjọba kàn sọ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá lára íńtálọ́ọ̀kì tí òun bá fowó ìlú rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi táyà tàbí ike ṣe, ohun tí ọ̀rọ̀ kan yẹn máa ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ yìí, gbogbo àwo àmì ẹ̀yẹ tó wà ní Nàìjíríà ò lè ṣe é.

Ẹ wo Nzambi Matee ní Kenya. Òun náà gba àmì ẹ̀yẹ o, àwọn elétò àyíká Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló fún un lọ́dún 2020. Ó fi iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ka epo rọ̀bì sílẹ̀, ó sọ ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ di ibi tó ti ń dán nǹkan wò, ó ń yọ́ ike pọ̀ mọ́ iyanrìn títí tó fi rí bíríkì tó le dáadáa. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Gjenge Makers, ń gba ike tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ò lè tún lò mọ́. Ní 2021, ó ń ṣe tó 1,500 bíríkì lóòjọ́. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Mukuru, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Nairobi, tó ra bíríkì náà, tó tẹ́ ẹ sí ọgbà rẹ̀. Oníbàárà gidi nìyẹn. Ilẹ̀ tí òfin ti múlẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́: láti oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni Kenya ti fòfin de ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ń ṣe é tàbí ó ń tà á lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin jura.

Ẹnìkan máa sọ pé, ṣé ọjà àwọn ọ̀dọ́ yìí ò wọ́n ju sìmẹ́ǹtì lọ? Ó lè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ro owó tá a fi ń kó gọ́tà mọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ ro ti ilé tí omi wó. Ẹ bi àwọn àgbà Ìbàdàn nípa Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya tó gbé èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdọ̀tí tí a fi dí ojú odò wà lára ohun tó fà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ó tún pa èèyàn púpọ̀. Àwọn onímọ̀ sì ń sọ fún wa pé bí ayé ṣe ń móoru sí i yìí, òjò tó máa ń dà wìì lẹ́ẹ̀kan náà á máa pọ̀ sí i. Ta ló ń ṣírò ìyẹn mọ́ iye tí íńtálọ́ọ̀kì sìmẹ́ǹtì jẹ́?

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣa ìdọ̀tí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń gba àdúgbò wa kọjá láàárọ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì ńlá léjìká. Bó bá mú ike omi kan, á kọ́kọ́ dà á dorí kodò wò, torí àwọn kan máa ń bu omi tàbí iyanrìn sínú rẹ̀ kó lè tẹ̀wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Á ṣí ìdérí rẹ̀, á jù ú sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, nítorí ike ìdérí àti ike ara rẹ̀ ò jọ ara wọn, ẹni tó máa yọ́ wọn ò fẹ́ kí wọ́n dà pọ̀. Á já bébà ara rẹ̀ sọ nù. Lẹ́yìn náà á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, pàà! Èyí tó funfun lọ́tọ̀, èyí tó ní àwọ̀ ewé lọ́tọ̀, torí èyí tó funfun lówó lórí jù. Kò sí yunifásítì tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pe àwọn tó ń gbógun ti ìdọ̀tí sórí ìtàgé, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Wọ́n á tiẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu géètì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Bilikiss Adebiyi-Abiola. Nígbà tó dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012, ohun tó kọ́kọ́ yé e ni pé ẹni tó bá kó ìdọ̀tí jọ gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ àwọn òpópónà tóóró tí ọkọ̀ akólẹ̀ ò lè dé. Wọ́n á wọn ike tí ìdílé kan kó jọ, wọ́n á kọ máàkì fún wọn sórí fóònù, ìdílé náà á sì fi máàkì yẹn gba oúnjẹ, ohun èlò ilé tàbí káàdì ìpè. Ìyàwó ilé tó gba màgí nítorí ike ò ní da ike náà sí gọ́tà mọ́. Ẹ ò ní wàásù fún un tẹ́ ẹ máa fi yé e.

Ní Ajégúnlẹ̀ náà, ilé ìwé Morit International School ti gbà kí àwọn òbí máa fi ike san lára owó ilé ìwé ọmọ wọn. Ìròyìn náà tàn dé òkè òkun, gbogbo èèyàn ní ó wúni lórí. Èmi náà yìn wọ́n. Àmọ́ kò tíì yé mi bí inú wa ṣe lè dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ìtàn pé ìyá kan ní láti ṣa ike kiri títì kí ọmọ rẹ̀ tó lè kàwé.

Tó bá wá kan ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọkùnrin tí mo sọ yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ mú un. Ọ̀rá kan fúyẹ́ jù, èyí tó máa pé kílò kan kì í ṣe kékeré, ó sì ti kún fún ẹrẹ̀. Nítorí náà á wà nílẹ̀ títí òjò á fi gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ẹyọ kan nínú gọ́tà, ẹ nù ún, ẹ kà á. Ẹ ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ omi náà, àdírẹ́sì rẹ̀, àti nọ́ńbà NAFDAC. Ìdọ̀tí tó ní bàbá, tí bàbá kọ orúkọ sí i lára! Òfin sì wà ní Nàìjíríà tó ní kí ẹni tó bá ṣe ọjà jáde mójú tó ohun tó bá kù lẹ́yìn ọjà náà. Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún tó ń fi owó ara rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ là ń sọ fún pé kó gba ayé là, tí a ò béèrè kọ́bọ̀ kan lórí ọ̀rá kan lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀rá? Bí kọ́bọ̀ yẹn bá ń wọlé, tó sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣà á, ẹ ó rí i bí ọ̀rá ṣe máa wọ́n ní gọ́tà.

Nínú àwọn ajàfúnàyíká, ohun tí mo fẹ́ràn lára Vanessa Nakate ará Uganda nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n nítorí fọ́tò tí wọ́n yà níbi ìpàdé ètò ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos, Switzerland, ní oṣù kìíní ọdún 2020, tí ilé iṣẹ́ ìròyìn AP gé e kúrò lára rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́rin tí wọ́n jọ dúró nìkan ló kù. Ìwà burúkú ni, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n máa fi rántí rẹ̀. Obìnrin yìí kò dúró lórí igi gbíngbìn. Ó dojú kọ páìpù epo tí wọ́n ń fà láti Uganda lọ sí èbúté Tanga ní Tanzania, ó ń dárúkọ ẹni tó ń fà á, ó ń dárúkọ ẹni tó ń yá wọn lówó. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ó ń wá owó tí wọ́n fi ń gbé sólà àti ààrò tí kì í jẹgi púpọ̀ lọ sí àwọn ilé ìwé abúlé. Àwọn kan níbí, ilé iṣẹ́ tó ń rọ omi sọ́rá ló ń ra t-shirt tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ́de fún àyíká. Ta ni wọ́n máa wá dárúkọ?

Àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni iṣẹ́ wọn náà wà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Wọ́n á gbin igi méjìlá, wọn ò ní padà wá bomi rin ín. Ọjà rírà ló máa ya àwọn yẹn sọ́tọ̀, torí ẹni tó jẹ́ pé fọ́tò nìkan ló ní ò ní rí bíríkì tà.

Ní báyìí, ẹ bá mi dáhùn. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ta ló ń ra ọ̀rá píọ̀wọ́tà ní àdúgbò yín, èló ló sì ń ra kílò kan? Ẹ kọ àdúgbò, ẹ kọ iye, ká lè máa júwe rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ alága yín: ọgbà ilé ìwé wo ni wọ́n fẹ́ tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sí lọ́dún yìí, ta ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún? Bí kọńtíráàtì ò bá tíì jáde, ẹ sọ fún mi kíákíá. Mo mọ àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè.