Òrùlé tìrẹ ni, ìtẹ́ ẹyẹ orí rẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan ń sọ fún àwọn èèyàn wa ní Íńgíláǹdì pé onílé lè tú ìtẹ́ ẹyẹ tó bá wà lórí òrùlé rẹ̀ dànù, nítorí ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n nìkan ni òfin ń dáàbò bò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbogbo ẹyẹ igbó, títí kan ológoṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa wọ́n, tó kó ẹyin wọn, tàbí tó ba ìtẹ́ tí wọ́n ń lò tàbí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ jẹ́, ti rú òfin. Ó lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura; owó ìtanràn kò sì ní gbèdéke.

Ìyọ̀ǹda wà lóòótọ́. Ìwé àṣẹ GL41 gba ọ láàyè láti pa ẹyẹlé ìgboro tàbí tú ìtẹ́ rẹ̀ nítorí ìlera tàbí ààbò aráàlú. O kò ní kọ̀wé béèrè, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé gbogbo àdéhùn rẹ̀, kí o sì ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà tí kò mú ikú lọ́wọ́. Ariwo tàbí ìgbẹ́ tó ba ọkọ̀ jẹ́ kò tó ìdí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ti ẹyẹ gull (ẹyẹ etí òkun): kò sí nínú GL41, àfi kí o gba àṣẹ tìrẹ lọ́wọ́ Natural England, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí o dúró títí ọmọ yóò fi fò lọ, kí o wá kó ìtẹ́ òfìfo náà, kí o sì ta àwọ̀n síbẹ̀. Ta á kó le dáadáa; àwọ̀n tó dẹ̀ ń há ẹyẹ mọ́nú.

Ẹyẹ tó fara pa? O lè gbé e tọ́jú, kí o tú u sílẹ̀ tára rẹ̀ bá ti yá.