Aṣọ Ẹbí Pickleball

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ kú ìnáwó o. A tún ti rí nǹkan mìíràn tí a ó fi dá aṣọ. Pickleball ni wọ́n ń pè é, eré tí wọ́n ń fi pákó gbá bọ́ọ̀lù kọjá nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ wa tó ti òkè òkun dé fún Iléyá ló gbé e wọ̀lú, ẹni tí kò bá sì ní pákó rẹ̀ nínú bùútù mọ́tò báyìí, ìdajì ìkíni ló máa rí gbà ní GRA Ìjẹ̀bú-Òde.

Eré náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1965, ní Bainbridge Island ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Joel Pritchard àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bill Bell ń wá ohun tí àwọn ará ilé wọn máa fi ṣeré nígbà ìsinmi. Pápá badminton wà nílẹ̀, ohun èlò rẹ̀ ni kò pé. Wọ́n bá mú pákó ping-pong àti bọ́ọ̀lù oníke tó níhò lára, eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Barney McCallum, ẹnì kẹta wọn, gé pákó tó tóbi díẹ̀ láti ara páìwúùdù. Páìwúùdù o! Ohun tí wọ́n fi àìrí ṣe, òun ni Olóyè wa pe ọmọ rẹ̀ ní London pé kó rà ránṣẹ́, oní-carbon fibre, tòun ti àpò tí wọ́n kọ orúkọ oyè sí lára.

Mi ò bá wọn jà lórí owó. Owó wọn ni. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n ti ya fọ́tò tán kí wọ́n tó béèrè bí wọ́n ṣe ń gbá a. Láti ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ti gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, gbogbo àgbàlagbà ìlú ló gbà pé kámẹ́rà ń wá òun náà. Wọ́n gbàgbé pé ọkùnrin yẹn mọ ẹṣin gùn.

Ẹ wo Olóyè lọ́sàn-án Sátidé. Fìlà abetíajá wà lórí, ṣòkòtò péńpé funfun ti gba ìlọ̀ dáadáa, sítíkà iye owó ṣì wà lábẹ́ bàtà. Òfin ni pé ìsàlẹ̀ ìbàdí ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kí ọwọ́ máa bọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Olóyè na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ pa ejò. Bọ́ọ̀lù fo fẹ́ǹsì, ó di inú abọ́ ewùrà tí ìyá olójòjò ń rin lọ́wọ́.

“Baba, ṣé kí n dín in mọ́ ọn ni?”

Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n gbá a sí, kó tún balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá padà, kí ẹnikẹ́ni tó lè gbá a lófuurufú. Ẹni tí kì í dúró lórí ìlà ní báǹkì, ṣé bọ́ọ̀lù oníke ni yóò dúró dè? Ẹsẹ̀ bàtà 7 tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì lọ́tùn-ún lósì tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Ìyálájé ẹgbẹ́ gbé àga rẹ̀ sí, nítorí iná kámẹ́rà.

Ìkéde máàkì nìkan ni wọ́n yára mọ̀. Bí ẹni méjì bá ń bá ẹni méjì gbá a, nọ́ńbà mẹ́ta lèèyàn ń pè kó tó gbá bọ́ọ̀lù: máàkì tiwọn, máàkì tàwọn tó kọjú sí wọn, àti bóyá òun ni ẹni kìíní tàbí ẹnì kejì tó ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lápá tiwọn. Òdo, òdo, èjì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu MC tiwa, ó di: “Òdo látọ̀dọ̀ Olóyè àtàwọn olorì! Òdo látọ̀dọ̀ ẹbí Ìyálájé!” Onígángan gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì nítorí EFCC, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún òdo.

Máàkì 11 ni wọ́n ń gbá a dé, kí wọ́n sì fi 2 ju ẹnìkejì lọ. Wọn ò tíì dé 3 tí ìkókóré fi jinná, ni pápá bá tú. (Ẹ̀yin ará Ṣágámù, ẹ má rẹ́rìn-ín, a ti gbọ́ pé ẹ̀yin náà ti ń wá aránṣọ.)

Dẹ́rẹ́bà kan wà láàárín wọn tó mọ̀ ọ́n gbá. Ó ń rọra ti bọ́ọ̀lù kó kàn fò kọjá nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọgbọ́n eré náà wà. Òun ni wọ́n gbé fóònù fún pé kó máa ya fídíò.

Nípàdé tó kọjá, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú mọ́ wọn lórí bóyá léèsì ni tàbí àǹkárá ni wọn yóò wọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀. Akọ̀wé nàwọ́, ó ní ṣé kí àwọn wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ní eré náà. Alága ní kó jókòó, kò sí nínú ètò.