Ẹ Fi Èmi àti Gíà Mi Sílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún àwọn ará wa ní Houston níbí pé ìyà ló ń jẹ ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ onígíà, èyí tí awakọ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí gíà rẹ̀? Mo fẹ́ mọ ẹni náà, kí n lè bá a wíjọ́.

Níbi ìnáwó kan lápá Southwest lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Mustang mi ni bọ̀dá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an bá súnmọ́ mi. Wọ́n kí mi, wọ́n yin ọkọ̀, wọ́n fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n bẹjú wo inú, tí wọ́n rí pẹ́dàlì mẹ́ta nísàlẹ̀. Wọ́n figbe ta. "Há! Àbúrò! Onígíà ni? O dé Amẹ́ríkà tán, o tún ń ja gíà bí onídánfó Oṣòdì? Kí ló dé?"

Gbogbo èèyàn yíjú sí wa. Ẹ̀rín ta. Àǹtí kan tí wọ́n ń tún gèlè wọn ṣe nínú dígí ọkọ̀ dáwọ́ dúró, wọ́n bá mi kẹ́dùn: "Má dá wọn lóhùn, àbúrò mi. Ọtomátíìkì tìẹ náà ń bọ̀ lọ́nà, lágbára Ọlọ́run." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ṣàmín. Àgbà ṣàdúrà fún èèyàn, èèyàn á ní òun ò ṣàmín?

Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Mi ò mọ adùn asun tí wọ́n gbé fún mi.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Gbọ̀ngàn náà ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá àlejò gbé ọkọ̀ lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí. Mo fún ọ̀kan nínú wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ó jókòó, ó ti àga sẹ́yìn, ó tẹ bọ́tìnnì tí ọkọ̀ fi ń tan. Ọkọ̀ ò dá a lóhùn, nítorí tí o kò bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, pẹ́dàlì ẹsẹ̀ òsì tí a ń tẹ̀ ká tó yí gíà, dé ìsàlẹ̀, Mustang onígíà ò ní tan. Ó tún un tẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ bù ú jẹ. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀, ẹnìkejì pe ọ̀gá wọn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dákun kí n bá àwọn gbé e fúnra mi, síbi tó bá wù mí. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ìyàwó. Camry bọ̀dá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Mi ò bú Camry o. Mo kàn ń ròyìn ibi tó wà ni.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a kó ojú tí a fi ń wo nǹkan nílé wá síbí, a ò sì pààrọ̀ rẹ̀. Nílé, ọkọ̀ onígíà ni ọkọ̀ iṣẹ́: dánfó, mólùé, ọkọ̀ akẹ́rù, tókúnbọ̀ tó ti gbó. Ọtomátíìkì ni ọkọ̀ ẹni tí Ọlọ́run ti bá ṣe é. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni a wà. Nínú 100 ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà níbí, àwọn tó jẹ́ onígíà ò pé 2. Ẹni tó bá ń wa gíà níbí, ó wá a lọ ni. Ó gbọ́dọ̀ bẹ oníṣòwò ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró, nígbà mìíràn ó gbọ́dọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lọ gbé e. Ìyà wo ni èèyàn ń fi wàhálà tó tó báyẹn wá kiri?

Gíà ló sì bí irú ọkọ̀ yìí, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní muscle car, ọkọ̀ tí kò tóbi jù tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì alágbára bọ̀. Lọ́dún 1964, òfin wà ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors pé wọn ò gbọdọ̀ ki ẹ́ńjìnnì tó bá tóbi ju ìwọ̀n kan lọ bọ inú ọkọ̀ alábọ́dé. John DeLorean, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pontiac, tó jẹ́ ẹ̀ka General Motors, dá ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn gan-an, ọgbọ́n Ìjẹ̀bú pátápátá: wọ́n ní ọkọ̀ tuntun kọ́ ni àwọn ń ṣe, àfikún lásán tí oníbàárà ń fowó ara rẹ̀ rà sórí Tempest, ọkọ̀ alábọ́dé wọn, ni. Bí ẹ́ńjìnnì V8, onísílíńdà mẹ́jọ, tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ ńlá ṣe bọ́ sínú Tempest nìyẹn, tó di GTO. Gíà mẹ́ta ló bá a wá, pẹ̀lú ọ̀pá gíà tí ilé iṣẹ́ Hurst ṣe; ẹni tó bá fowó kún un á gba mẹ́rin. Ọdún yẹn náà, nínú oṣù kẹrin, ni Ford gbé Mustang jáde níbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York. Kì í sì í ṣe pé ọtomátíìkì ò tíì dé ayé nígbà yẹn. Oldsmobile ti ń tà á láti ìgbà ọkọ̀ 1940. Àwọn ọmọ ìgbà náà rí ìrọ̀rùn níwájú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àwọn ò fẹ́.

Ìgbà ti yí báyìí, mo mọ̀. Dodge dáwọ́ Challenger dúró ní Brampton, ní Kánádà, nígbà tí ọdún 2023 ń parí. Camaro náà ti lọ. Ti ọdún 2024 ni ìkẹyìn rẹ̀. Mustang nìkan ló kù láàrin àwọn mẹ́ta tó ti ń bá ara wọn fà á látayébáyé, àní òun náà, tí kì í bá ṣe V8 lo fẹ́, wọn ò ní ta onígíà fún ọ mọ́.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò. Dodge gbé Charger oníná mànàmáná jáde. Iná mànàmáná kì í pariwo, wọ́n wá kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn sábẹ́ rẹ̀ kó máa bú bí ẹ́ńjìnnì. Hyundai náà ní tirẹ̀, Ioniq 5 N. Ọkọ̀ náà ò ní gíà kankan tó ń yí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣètò rẹ̀ kó máa ta ọ́ nídìí bí ẹni ń yí gíà mẹ́jọ, kó sì máa dún bẹ́ẹ̀. Mo bi yín, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pè mí ní onídánfó: ta ló ń ṣe ayédèrú ohun tí kò níyì? Ṣé ẹ ti rí ayédèrú garawa omi rí? Góòlù ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ olówó gọbọi jókòó, wọ́n gba àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n náwó, kí wọ́n ṣáà lè fi irọ́ ṣe ohun tí ọ̀pá gíà mi ń ṣe lóòótọ́. Bọ̀dá wá ní ìyà ló ń jẹ mí.

Ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ ibí pé ọtomátíìkì yára ju gíà lọ. Mo mọ̀. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ta Mustang GT pẹ̀lú ọtomátíìkì oní-gíà mẹ́wàá, ó sì ń fi onígíà mẹ́fà tèmi sílẹ̀ tí iná bá tan. Ó fi mí sílẹ̀, kò tán? Ṣé mo ń sá fún ẹnì kan ni?

Ohun tí mo ń wá nínú rẹ̀ ò ju bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ títì márosẹ̀ 610 ní Houston níbí, ẹ mọ ibi tí èèyàn ti ń yà sí títì 59. Ọ̀nà yẹn tẹ̀ kọ́rọ́. Mo ń bọ̀ lórí gíà kẹrin. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ti ọ̀pá síwájú kúrò nínú kẹrin, ó gba fíríì kọjá, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún gbá iná fún ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kó lè bá táyà dọ́gba, mo tì í sínú kẹta, mo wá ń ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ṣe é dáadáa, ẹni tó jókòó tì mí ò ní mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Sàlẹ́ńsà nìkan ló máa yí ohùn padà. Tí mi ò bá ṣe é dáadáa, ọkọ̀ á sọ wá síwájú, ojú á sì tì mí. Ní oṣù kẹjọ, orí ọ̀pá gíà yẹn á gbóná débi pé ìka méjì ni mo fi ń dì í mú títí tí ẹ̀rọ amúlétutù á fi dé ibẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ìyàwó mi, èèyàn lè sùn nínú rẹ̀ kó dé ibi iṣẹ́.

Kò sì sẹ́ni tó ń fi fóònù tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ nínú ọkọ̀ onígíà. Ọwọ́ wo ló fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́? Ká má tíì sọ ti olè. Ìròyìn àwọn olè tó jí ọkọ̀ gbé níbí, tí wọ́n rí gíà, tí wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n sá lọ, ó ti di àwàdà.

Bàbá mi ló kọ́ mi, nínú Peugeot 504, ní Ìbàdàn. Òkè Mápó ni wọ́n gbé mi lọ. Wọ́n ní kí n dá ọkọ̀ dúró sí àárín òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn táyà, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ kan tiro padà wọlé. Bàtà aláwọ ni, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "Máa lọ. Tó o bá gun bàtà yẹn, o máa ra òmíràn." Ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn mi, ó ń fọn fèrè. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ létí títì dìde kó lè rí ìran wò. Mo mú kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n, mo ju bíréèkì sílẹ̀, ọkọ̀ dúró gbọin fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbéra. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n lọ mú bàtà wọn, wọ́n gbọn eruku rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́. Títí di òní, mi ò tíì rí àmì ẹ̀yẹ tó dà bíi kí wọ́n lọ mú bàtà yẹn láìfọhùn.

Nítorí náà, nígbà tí mo délé lálẹ́ Sátidé, inú ń bí mi, mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èkó. Ìbátan ni wá, wọ́n wa dánfó láti Oṣòdì sí Ìyánà-Ìpájà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rò pé àwọn ló máa gbè mí. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti bọ̀dá, ti àwọn ọmọ tí kò lè wa ọkọ̀, ti ayédèrú gíà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ń sanwó fún ohun tó sọ mí di arọ. Ṣé o mọ iye ìgbà tí mo ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Ẹsẹ̀ òsì mi yìí, tí òjò bá ti fẹ́ rọ̀, òun ló kọ́kọ́ ń mọ̀." Mo bi wọ́n bóyá wọn ò tiẹ̀ gbádùn rẹ̀ rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àárọ̀ Sunday nìkan, tí ọ̀nà bá mọ́, tí ọkọ̀ ò sì tíì kún. Wọ́n wá ní kí n fi owó dókítà ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ò ti fi gbogbo ara tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Nítorí òtítọ́ ni pé èmi náà kì í gbé Mustang jáde tí 59 bá ti dí. RAV4 ìyàwó mi ni mo ń bẹ̀ láàárọ̀ Monday. Àárọ̀ Sunday ẹ̀gbọ́n ni mo rà, mi ò ra Monday wọn. Síbẹ̀ bọ̀dá ò jàre láti fi mí ṣẹ̀sín lójú àwùjọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wá wà nílẹ̀. Àkọ́bí mi obìnrin ń pé ọdún 15 láìpẹ́, ọjọ́ orí tí Texas ti ń gba ọmọ láyè láti gba ìwé àṣẹ ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Mo ti ní in lọ́kàn pé gíà ni màá fi kọ́ ọ. Ìyàwó mi béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo lọmọ náà ti máa rí ọkọ̀ onígíà wà lẹ́yìn tó bá kọ́ ọ tán, pé ṣé kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ ẹni tó máa bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ̀ nínú ilé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ ló wu òun. Houston ò tiẹ̀ ní òkè, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ti ń wo gáréèjì ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ mi, ibi tí ọkọ̀ ti ń gòkè láti àjà kan sí èkejì, tó máa ń ṣófo lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ yín ní gíà níbí, ṣé wọ́n ṣì ń wà á, àbí wọ́n kàn ṣe é nítorí yín?