Bí Iná Kò Bá Tán Láṣọ: Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Tó Ń Darúgbó àti Jíìpù Kékeré

Àbúrò mi kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ti sú mi. Ìgbà kẹta rèé láàárín oṣù méjì tí mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo fẹ́ tà á, kí n wá owó kún un, kí n ra jíìpù kékeré kan." Kí n tó lanu, ó ti fi òwe dí mi lẹ́nu: "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

Òwe náà dùn létí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ibi tí òwe náà kò lọ ló gbé e lọ. Ẹ wo àwòrán inú òwe yìí. Ẹnì kan jókòó sínú oòrùn, ó ń tú ojú rírán aṣọ rẹ̀ wò, ó ń fi èékánná àtàǹpàkò méjèèjì tẹ iná pa níkọ̀ọ̀kan. Bó ti wù kó pa tó, ẹ̀jẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹyin ṣì wà lójú rírán. Òwe ní kí onítọ̀hún wá orísun ìyọnu rẹ̀ lọ. Kò ní kó sun aṣọ. Ó lè jẹ́ omi gbígbóná péré ni aṣọ ń fẹ́. Àwọn àgbà tó pa ti èékánná ló kúkú pa èyí tí àbúrò mi gbàgbé: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo pè é padà. Mo ní kí ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta náà? Ó ní bátìrì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà páàdì bíréèkì, ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni ṣọ́kù iwájú méjèèjì. Mo ní ìyẹn kọ́ ni iná. Ohun tó ń jẹ tán ni wọ́n. Bátìrì máa kú, páàdì máa jẹ, táyà máa pá, ṣọ́kù àti búṣìn máa rọ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọ̀rá lórí ìjókòó rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sì pé ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń dà bíi pé ọkọ̀ ń bínú sí èèyàn. Jíìpù tó fẹ́ rà náà á béèrè gbogbo ìwọ̀nyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, á tiẹ̀ béèrè wọn ní owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí táyà rẹ̀ tóbi jù, páàdì rẹ̀ sì fẹ̀ jù.

Èyí tó yẹ kó lé oorun lójú èèyàn ni ohun kan náà tó ń padà wá. Èmi náà ti tẹ iná rí. Ọkọ̀ kan tí mo lò nígbà kan máa ń gbóná lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe pààrọ̀ ìdérí rediétọ̀, ó gbóná. Ó pààrọ̀ thermostat, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó ṣì gbóná. A ra rediétọ̀ tuntun, a pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó ṣì ń gbóná. Omi ń dín kù lójoojúmọ́, a ò sì rí ibi tó ti ń kán. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sanwó èékánná. Ọjọ́ tí mo ṣí ìdérí ọ́ìlì tí mo rí i pé ọ́ìlì ti funfun bí ẹni da mílíìkì sí i ni mo tó mọ̀ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló ti jó, omi ti ń bá ọ́ìlì dà pọ̀ tipẹ́. (Kí ẹ má bàa torí ọ̀rọ̀ mi fo sókè o: ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà ní àsìkò òtútù lè ní ìfófòó funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí yẹn, kí ó má sì sí ohun tó ṣe é. Orí ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ni kí ẹ ti wò ó dájú, kí ẹ sì wò bóyá omi ń dín kù.)

Èéfín náà máa ń sọ̀rọ̀. Èyí tó funfun tó nípọn, tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ló ń jó níbẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni. Dúdú kì í sábà le tó méjèèjì yìí: epo ló ń pọ̀ jù, ó sì lè má ju sẹ́ńsọ̀ tàbí fílítà tó dí lọ. Ní ti gíá, bí ẹ bá fi sí D tí ọkọ̀ ronú díẹ̀ kó tó fò síwájú, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí ọkọ̀ ò yára, tí epo gíá sì ń rùn bí ohun tó jóná, iná ti wọ ojú rírán nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì àti gíá kì í ṣe ohun à ń tẹ̀ pa níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe wọn láṣetán tàbí kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ìpata nìkan ni mi ò bá jà. Ara ọkọ̀ sálúùn òde òní ni egungun rẹ̀; kò ní ṣáṣí irin ọ̀tọ̀ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, tàbí létí òkun, ìpata lè jẹ ibi tí apá táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀dà òkè sọ nǹkan kan. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè kí ẹ fi ìdí sukudiráífà gbá a. Bí ó bá dún kọ́kọ́, kò burú. Bó bá rọ̀ wọlé, àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ó wá ku ìṣirò, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á ní, "Bí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì iye tí ọkọ̀ tó lọ, tà á." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìwọ̀n yẹn wọ́. Iye tí ẹlòmíràn máa fi ra ọkọ̀ yín kò kan iye tí ẹ máa fi ra èyí tó máa rọ́pò rẹ̀. Ká ní jíìpù tuntun jẹ́ 100, ọkọ̀ yín tó 15, mẹkáníìkì sì ní 10 ni òun máa gbà. Ó ju ìdajì lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun sábà máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iye rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan: 20 ti lọ, láìka èlé orí owó tí ẹ yá, láìka ìbánigbófò tó gbówó lórí. Ẹni tó san 10 fún ọkọ̀ tó máa tún rìn ọdún méjì kò tíì ṣòfò.

Nítorí náà, mo ní kí àbúrò mi ra ìwé kékeré kan. Kó kọ gbogbo owó oṣù 12 tó kọjá sí i, ṣùgbọ́n lójú ìwé méjì: ohun tó ń jẹ tán lójú kan, àtúnṣe tó padà wá lójú kejì. Kó sì fi àmì sí ọjọ́ tí ọkọ̀ já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà, torí ẹni tó pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọkọ̀ ti san owó tí kò sí nínú ìwé mẹkáníìkì. Ojú ìwé kejì ló máa dá ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àkókò pẹ̀lú. Ìgbà tó dára jù láti pinnu ni kí iṣẹ́ ńlá tó pé. Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní timing belt, àwọn tó ṣe ọkọ̀ sábà ní kí á pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 100,000 sí 160,000 kìlómítà, ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ ti yín. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ó bá já lẹ́nu ìrìn, písítìnnì á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ máa tà á, ẹ tà á kí iye yẹn tó pé, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń rà á. Bí ẹ bá máa pa á mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ sì lò ó gbó. Ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù yìí tó wá tà á lóṣù tó ń bọ̀, aṣọ ẹlòmíràn ló fọ̀.

Ohun kan wà tó lè borí gbogbo ìṣirò yìí lọ́wọ́ mi: ààbò. Ẹ̀rọ tó ń di ọkọ̀ mú kó má yí nígbà tó bá ń yọ̀, tí wọ́n ń pè ní ESC, ó di dandan lórí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun ní Amẹ́ríkà láti orí ọkọ̀ ọdún 2012, àti ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 2014. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú ìgbà yẹn ni kò ní in. Bí ọ̀nà tó yá, tó sì ń yọ̀ lójò lẹ ń gbà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ìyẹn tó ìdí láti pààrọ̀ ọkọ̀ tí kò ní àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n ti àpò afẹ́fẹ́ (airbag) tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe yàtọ̀: ooru àti ọ̀rinrin ọdún gbọọrọ ló ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́, tó fi lè bú kó fọ́n irin sí èèyàn lára. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáṣí yín, èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ 17, wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ọkọ̀. Ẹ má torí ẹ̀ sáré ta ọkọ̀.

Ibí la dé tí mo fi bi àbúrò mi ní ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi í: "Kí ló dé tó fi jẹ́ jíìpù?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúnkún Màmá ni. Wọn ò lè tẹ̀ wọ inú ọkọ̀ mi mọ́. Èmi àti ọmọ mi la máa ń fà wọ́n jáde."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọkọ̀ kò ṣẹ̀, ó ti ń fi òwe iná kàn án mọ́gi. Ìdí tó dájú ni orúnkún Màmá, kò nílò ẹ̀rí èké lára bátìrì. Ìjókòó tó wà ní ìbàdí èèyàn, tí a kàn fi ìdí lé tí a sì yí ẹsẹ̀ wọlé, ni ohun tí jíìpù kékeré mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ohun tí wọ́n dá a fún gan-an kò jìnnà sí ìyẹn. Nígbà tí Toyota gbé RAV4 jáde ní 1994, tí Honda sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú CR-V ní 1995, ara ọkọ̀ sálúùn ni wọ́n gbé ga, wọn ò kọ́ ọ lé ṣáṣí ọkọ̀ akẹ́rù. Sálúùn tó dìde dúró ni ẹ ń rà. Gíga kì í ṣe agbára: ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré yìí ló jẹ́ pé táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Èyí tó ń yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pá bákan náà, kì í fẹ́ ọ̀kan tuntun láàárín mẹ́ta tó ti gbó. Ó wúwo, ó ń dojú kọ afẹ́fẹ́, ó máa mu epo ju sálúùn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bùùtù rẹ̀ pàápàá lè kéré sí ti èyí tí ẹ ń tà. Ẹ gbé ẹrù yín lọ, ẹ kó o sínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Iná tirẹ̀ náà wà lójú rírán. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lo gíá CVT, bẹ́líìtì irin tó ń gun pọ́ọ̀lì méjì tó ń fẹ̀ tó ń súnkì. Ẹni tó bá lo epo rẹ̀ láìpààrọ̀, torí wọ́n sọ fún un pé epo náà bá ọkọ̀ dàgbà, máa kọ́ bí gíá tuntun ṣe wọ́n tó. Àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré pẹ̀lú turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, kì í fojú ire wo ẹni tó fi ọ́ìlì jáfara. Nítorí náà, bó bá jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lò lẹ fẹ́ rà, ìwé ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ẹ sì lọ ní àárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó gbóná. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Àbúrò mi kò tà á lóṣù yẹn. Ó kọ ìwé rẹ̀, ojú kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó tọ́jú owó fún oṣù mélòó kan, ọkọ̀ àtijọ́ ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Nígbà tí owó tó, ó ní kí n bá àwọn lọ wò ó, a sì mú Màmá dání. Èyí àkọ́kọ́, wọ́n gbẹ́sẹ̀, wọ́n ní ó ga ju àwọn lọ, ṣé àwọn fẹ́ gun igi ni? Ìkejì, wọ́n dúró, wọ́n fi ìdí lé ìjókòó, wọ́n yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé láìdi ẹnikẹ́ni mú, wọ́n sì fa ilẹ̀kùn dé.

"Ó yá," ni Màmá wí, "ẹ wọlé ká máa lọ."

Àbúrò mi wò mí. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa sinmi níbẹ̀, ká tíì wo epo gíá rẹ̀ ná.