Kúkì Kérésìmesì: royal icing ni àbí buttercream?

Ìyá Tóbi (Houston)
Ẹ kú ìmúra ọdún o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n lè sinmi. Bí December bá ti wọlé báyìí, ojú fóònù á kún fún kúkì tí wọ́n fi kọ́tà gé, ìràwọ̀, agogo, áńgẹ́lì, igi Kérésì, wọ́n á da royal icing (funfun ẹyin tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà áísìn) sórí ẹ̀ á wá máa dán gbinrin. Ó rẹwà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ bù ú jẹ, ṣúgà tó gbẹ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, kúkì tá a bá ń ṣe nínú ilé fún àwọn ọmọ wa, buttercream ló yẹ ẹ́: bọ́tà, ṣúgà áísìn, mílíìkì díẹ̀, fanílà, ó tán. Ẹ fi royal icing sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é tà.

Adùnní Béékà (Baltimore)
Ẹ káàárọ̀ mà. Mo gbọ́ tiyín, àmọ́ mi ò gbà rárá. Royal icing tí kò ládùn, ẹni tó pò ó ni kò fi nǹkan sí i. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ fi fanílà sí i, iyọ̀ ráńpẹ́, kẹ́ ẹ dà á fẹ́lẹ́, ẹ ó rí i pé ó yàtọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ó ń gbẹ. Ọ̀pọ̀ ẹbí wa ò sí nítòsí, inú páálí ni mo ń kó kúkì sí tí mo fi ń ránṣẹ́ sí wọn ní Minnesota àti Georgia, mà á tò wọ́n lérí ara wọn, pépà láàárín, wọ́n á sì débẹ̀ bí mo ṣe kó wọn gẹ́lẹ́. Buttercream ò lè rin irú ìrìn yẹn, kó tó dé Atlanta á ti lẹ̀ mọ́ pépà tán.

Ọmọ Olúyọ̀lé
Èmi fẹ́ béèrè ni o, kí ló ṣe chin-chin? Fúláwà kan náà, bọ́tà kan náà, ṣúgà kan náà, ẹyin kan náà, a ó sì tún gé e. Kò fẹ́ áísìn, á wà nínú ike fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á ṣì máa ro kẹ́kẹ́ lẹ́nu.

Ìyá Tóbi (Houston)
@Ọmọ Olúyọ̀lé chin-chin wà ńlẹ̀ digbí nílé mi, ọdún ò lè dé kí n má din ín. Ṣùgbọ́n ibí ni àwọn ọmọ wa ti ń dàgbà, nílé ìwé wọn oníkálùkù á gbé kúkì wá wọ́n á fi pààrọ̀, ó sì dùn mọ́ wọn. Méjèèjì là ń ṣe. Orí áísìn ni ìjà wà.

Bàbá Béékì Bódìjà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun lẹ lè máa dúró ti buttercream. Bọ́tà gidi, láàárín 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́, ọ̀sán December ní Ìbàdàn sì máa ń wọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé tíréè kúkì sílẹ̀ ní pálọ̀ láìsí iná, kí àlejò tó jókòó tán buttercream ti ń ṣàn. Ìdí nìyẹn tí àwa tá à ń béékì níbí fi ń po shortening (ọ̀rá líle tí wọ́n fi òróró ṣe) mọ́ ọn, tó bá sì ti di shortening, níbo ni adùn bọ́tà tí Ìyá Tóbi ń sọ wà? Kò sí níbẹ̀ mọ́. Royal icing ni tèmi. Tí ọyẹ́ bá ti mú, kò sí ìgbà tó dára tó ìgbà yẹn fún un, atẹ́gùn ti gbẹ, ìpele àkọ́kọ́ á yára le. Kìkì pé kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù bo abọ́ tí áísìn wà nínú ẹ̀, torí ọyẹ́ kan náà á gbẹ ẹ́ nínú abọ́, á sì dí ẹnu ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń fà á. Àwọn ará Èkó tí òkun wà nítòsí wọn ni wọ́n máa ń ráhùn pé kì í tètè gbẹ, kí wọ́n tan fáànù sí i, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Adùnní Béékà (Baltimore)
Bàbá ẹ ṣeun sà! Ọ̀rọ̀ shortening yẹn gan-an.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó máa jà lórí adùn, mélòó nínú yín ló ń fi funfun ẹyin tútù po royal icing? Kòkòrò salmonella lè wà nínú ẹyin tó mọ́ láti ìta, tí kò sán rárá, àwọn ọmọdé, aboyún àti àgbàlagbà ló sì máa ń dá dùbúlẹ̀ jù. Áísìn ò wọ oven, kò sí nǹkan tó máa pa kòkòrò yẹn. Ẹ lo meringue powder, funfun ẹyin tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀ tí wọ́n sì ti gbẹ ni, omi lẹ máa fi pò ó mọ́ ṣúgà. Tàbí kẹ́ ẹ ra funfun ẹyin inú páálí tí wọ́n kọ pasteurized sí lára, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀. Àti fúláwà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lá dóò tútù lọ́wọ́. Fúláwà kì í ṣe ohun tí wọ́n ti sè. Ní 2016 ní Amẹ́ríkà, fúláwà tó ní kòkòrò E. coli kó bá èèyàn 63 ní ìpínlẹ̀ 24. Gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù ẹyin, wọ́n ń gbàgbé fúláwà.

Fẹ́mi Peckham
Àǹtí Nọ́ọ̀sì ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn, ó dá lórí ibi téèyàn wà o. Níbí ní Britain, ẹyin tí wọ́n tẹ àmì kìnnìún sí lára, adìyẹ tó yé e ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára salmonella, láti October 2017 sì ni Food Standards Agency ti sọ pé aboyún àti ọmọdé pàápàá lè jẹ ẹ́ ní tútù. Funfun ẹyin ni ìyá mi fi ń po royal icing tó fi ń bo kéèkì Kérésì, òun náà ni mo ń lò fún kúkì, ó máa ń fà dáadáa ju ti meringue powder lọ.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
@Fẹ́mi òótọ́ lo sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àmì kìnnìún. Ṣùgbọ́n wo àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, Ọ̀ṣogbo, Kútọnu, Houston, ẹyin tiwọn ò ní àmì yẹn. Ìmọ̀ràn tó máa dáàbò bo ọmọ gbogbo wọn ni mò ń fún wọn. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, kọ́lọ̀ náà: January 2025 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fagi lé kọ́lọ̀ pupa tó ń jẹ́ Red No. 3, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ sì ní títí di January 2027 láti yọ ọ́ kúrò, torí náà ẹ ka ara ìgò tó ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín.

Alhaja Ìlọrin
Àwa náà ń gé kúkì o, oṣù àti ìràwọ̀ là ń gé fún Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ̀hìn Adùnní ni mo wà, torí a máa ń dì í sínú ọ̀rá wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò, ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ ṣáà máa yẹ ara ike àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ ń wọ́n sórí ẹ̀ wò, gelatin, tó lè jẹ́ ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, máa ń wà nínú àwọn mìíràn.

Bùkọ́lá Akúrẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin ń jà lórí áísìn, kúkì tèmi ò tíì dé ibi áísìn. Tí mo bá gé ìràwọ̀, tó bá fi máa jáde látinú oven ó ti di róbótó. Kí ló ń fà á?

Adùnní Béékà (Baltimore)
Bùkọ́lá, ṣé bèkíń páúdà wà níbẹ̀? Yọ ọ́, kúkì tí a bá fẹ́ kó di ìrísí ẹ̀ mú kò nílò ẹ̀. Ife fúláwà 3, ife bọ́tà 1 tó jẹ́ gíráàmù 225, ife ṣúgà 1, ẹyin 1, fanílà, iyọ̀. Bọ́tà àti ṣúgà, pò ó títí wọ́n á fi wọnú ara wọn, má nà án títí tó fi máa fúyẹ́, atẹ́gùn tó kó sínú ẹ̀ ló ń tì í fẹ̀. Kí dóò má wọ fíríìjì bíi òkúta kó o tó wá máa bá a jà pẹ̀lú igi o! Láàárín pépà méjì ni kó o ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì rọ̀, kó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì, kó o wá gbé e sí fíríìjì fún wákàtí kan bó ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ, kó o gé e ní tútù, kó o dá àwọn tó o gé padà sí fírísà fún ìṣẹ́jú 10 tàbí 15. Oven 350 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìṣẹ́jú 8 sí 10, etí ẹ̀ nìkan ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Bàbá Béékì Bódìjà
Gbogbo ohun tí Adùnní sọ ló péye àyàfi pé kò béèrè irú bọ́tà tí Bùkọ́lá ń lò. Máàgarínì inú ike tá a fi ń jẹ búrẹ́dì, omi inú ẹ̀ pọ̀, ọ̀rá ẹ̀ ò tó ti bọ́tà. Bọ́tà gidi, ọ̀rá inú ẹ̀ kì í dín ní ìdá 80 nínú 100. Tí apá ẹ ò bá ká bọ́tà, wá máàgarínì líle tó jẹ́ ti béékì, kó o sì fi síbí fúláwà méjì lé e. Tí kò bá sí iná fún fírísà, òru tàbí ìdájí ni kó o ṣe é, kó o gbé tíréè lé orí abọ́ omi yìnyín, á ṣe é. Oven gáàsì tí kò ní nọ́ńbà, ra tẹmómítà tí wọ́n ń fi kọ́ inú ẹ̀, torí oven tí kò gbóná tó máa ń jẹ́ kí bọ́tà yọ́ tán kí fúláwà tó le.

Títí Jámánì
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Níbí tí mo wà, kí Advent tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń béékì tí wọ́n ń kó o sínú agolo, kò sì sí èyí tẹ́ ẹ ń jà lé lórí nínú méjèèjì. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà áísìn lásán ni wọ́n ń pò, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì pa á fẹ́lẹ́ sórí kúkì, kúkì fúnra ẹ̀ lẹ máa mọ̀ lẹ́nu. Wọ́n sì ní ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Zimtsterne, almond lílọ̀ àti cinnamon, funfun ẹyin pẹ̀lú ṣúgà ni wọ́n ń fi sórí ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ pa á sórí ẹ̀ ná kí wọ́n tó gbé e wọ oven. Áísìn ọ̀hún á jinná pẹ̀lú kúkì. Mo rò pé Àǹtí Nọ́ọ̀sì á fẹ́ràn ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni 🙏🏾

Ìyá Tóbi (Houston)
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ohun tó ń dùn mí gan-an, ó lè jẹ́ pé mi ò là á yé yín tó. Kì í ṣe adùn nìkan. Ẹ wo bí royal icing ṣe ń rí ná: ẹ máa pò ó ní oríṣi méjì, èyí tó ki fún ìlà etí àti èyí tó ṣàn fún àárín, ẹ máa fi ọ̀bẹ fa ìlà sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa ka ení, èjì, títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìlà yẹn ti pa dé, ẹ máa fi abẹ́rẹ́ tú ìfófòó, ẹ máa dúró kí àwọ̀ kan gbẹ kẹ́ ẹ tó fi òmíràn lé e kí pupa má bàa wọnú funfun. Ọmọ ọdún mẹ́rin wo ló máa dúró de gbogbo ìyẹn? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ni pé ìyá á gba ọ̀rá lọ́wọ́ ọmọ, á ní “jẹ́ kí màmá bá ẹ ṣe é”, ọmọ á lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, ìyá nìkan á wà ní kíṣìnì títí di aago méjìlá òru. Kí la wá pe ìyẹn? Buttercream, ẹ fún ọmọ ní ọ̀bẹ tí kò mú, kó fi pa á bó ṣe fẹ́, kó wọ́n nǹkan lé e, kó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ni mo fẹ́ rí lára kúkì Kérésì, mi ò fẹ́ rí ọwọ́ béékà.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ (Chicago)
Ìyá Tóbi ẹ bá mi dé ibi tó ń dùn mí.

Adùnní Béékà (Baltimore)
Mà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n royal icing kọ́ ló ń gba ọ̀rá lọ́wọ́ ọmọ, àwa òbí ni. Ohun tí mò ń ṣe rèé: alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mà á da áísìn funfun bo gbogbo kúkì, á gbẹ mọ́jú. Tó bá di ọjọ́ kejì, mà á fún àwọn ọmọ ní búrọ́ọ̀ṣì kíkùn tuntun àti kọ́lọ̀ jẹ́ẹ̀lì tí mo fi omi díẹ̀ là, wọ́n á máa kùn ún bí wọ́n ṣe ń kùn sórí pépà. Èyí tó kẹ́yìn, áńgẹ́lì aláwọ̀ ewé ni ọmọ mi kùn, bó ṣe kùn ún náà la fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà. Lórí buttercream, búrọ́ọ̀ṣì ò lè ṣiṣẹ́ yẹn.

Ìyá Tóbi (Houston)
Èyí tó o sọ yìí dáa, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ṣì ti ṣiṣẹ́ mọ́jú kí ọmọ tó dé ibẹ̀. Èmi fẹ́ kí ọmọ mi wà níbẹ̀ láti ìgbà tá a bá ti ń jọ̀ fúláwà títí a ó fi jẹ ẹ́, ọjọ́ kan náà.

Bàbá Béékì Bódìjà
Ẹ gbìyànjú ti Títí nígbà náà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà áísìn. Kò ní ẹyin, ọmọ lè fi búrọ́ọ̀ṣì pa á, kò sì ní yọ́ lọ́sàn-án.

Ìyá Tóbi (Houston)
Sà, adùn bọ́tà ńkọ́?

Bàbá Béékì Bódìjà
Inú kúkì ló wà, 225 gíráàmù 😀

Bùkọ́lá Akúrẹ́
Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà, mo ti yọ bèkíń páúdà. Ìbéèrè kan ló kù, kí n bẹ̀rẹ̀ nígbà wo tí mo bá fẹ́ kó wà ńlẹ̀ lọ́jọ́ ọdún?

Adùnní Béékà (Baltimore)
Dóò lè wà nínú fírísà fún oṣù kan. Béékì ẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọjọ́ oṣù, jẹ́ kó tutù pátápátá, torí tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ọ̀rá ẹ̀ á jáde sójú áísìn, á ṣe àmì bátabàta. Royal icing ní ọjọ́ kejì, kó gbẹ mọ́jú, kó o wá kó o sínú agolo tó dé dáadáa. Kọ́lọ̀ náà, pò ó kó fúyẹ́ díẹ̀ ju bó o ṣe fẹ́, torí ó máa ń pọ́n sí i bó bá ń gbẹ.

Ìyá Tóbi (Houston)
Tó bá jẹ́ buttercream lo máa lò, Bùkọ́lá ọmọ mi, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún ni kó o bẹ̀rẹ̀, kó o sì pe àwọn ọmọ wọlé.