Èsì wa sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún DVD fíìmù A Better Tomorrow ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa, ẹ ṣeun náà tẹ́ ẹ jókòó kọ ohun tó wà lọ́kàn yín, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé tọ́jà ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn wọn ò ní sọ fún ẹni tó tà á fún wọn, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n á máa rò ó fún. Ìràwọ̀ méjì péré lẹ fún un nínú márùn-ún. Ẹ ní ẹnu àwọn òṣèré ò bá ohùn mu, ẹ ní ẹkún ti pọ̀ jù fún fíìmù gáńsítà, ẹ ní ọta ìbọn wọn kì í tán, ẹ tún wá ní òṣèré Chow Yun-fat tó wà lójú páálí yẹn gan-an kọ́ ló ni fíìmù, pé a fi ìpolówó tàn yín jẹ. Mo ka gbogbo ẹ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ dá yín lóhùn níbí ní gbangba torí àwọn mìíràn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ wá kà á.

Ẹ jẹ́ n ti ibi ohùn bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn lẹ lè tún ṣe lónìí lónìí. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni, kì í ṣe ohùn Chow, kì í ṣe ohùn Ti Lung tí wọ́n jọ ṣe é. Àwọn kan tí ò sí nínú fíìmù rárá ló jókòó sí stúdíò tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí. Tí DVD yẹn bá ti wọlé, kẹ́ ẹ tó tẹ play, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Audio sí, ẹ mú Cantonese, kẹ́ ẹ wá lọ síbi Subtitles kẹ́ ẹ mú English. Cantonese lèdè tí wọ́n ń sọ ní Hong Kong, òun ni wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Mi ò ní parọ́ fún yín o, láwọn ibì kan ẹ ṣì máa rí i pé ẹnu ò bá ohùn mu tán pátápátá, torí ní Hong Kong láyé ìgbà yẹn wọn kì í sábà gba ohùn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, wọ́n á kọ́kọ́ yà á tán ná kí wọ́n tó lọ ṣe ohùn. Bí ọ̀pọ̀ fíìmù wọn ṣe rí nìyẹn nígbà náà, kì í ṣe pé DVD yín bàjẹ́. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn àti Cantonese, ẹ̀gbọ́n, ó kọjá kèrémí. Inú Gẹ̀ẹ́sì yẹn gbogbo ẹ̀dùn ọkàn ti tán lára ọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé. Ẹ fi Cantonese wò ó, ẹ má fi òmíràn wò ó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹkún, òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ohun tá a kọ sábẹ́ ọjà yẹn ni pé fíìmù gáńsítà tó dá lórí ọmọ ìyá méjì ni. A ò kọ pé fíìmù ìbọn ni. Èyí ẹ̀gbọ́n, tó ń jẹ́ Ho, tí Ti Lung ṣe, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ ayédèrú owó dọ́là, èyí àbúrò tó ń jẹ́ Kit sì ń kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá láìmọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń ṣe jẹun. Ho lọ ṣòwò wọn ní Taiwan, ẹnì kan dalẹ̀ ẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Nígbà tó wà níbẹ̀ àwọn gáńsítà rán èèyàn wá sílé wọn, wọ́n sì pa bàbá wọn. Kí bàbá tó gbẹ́mìí mì, ó bẹ Kit pé kó foríji ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Kit ò sì gbà. Ibi tí fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, gbogbo ìbọn tó kù, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ rántí ibi tí Ho ti tẹ̀wọ̀n dé tó lọ bá àbúrò ẹ̀. Ó pè é lórúkọ bó ṣe máa ń pè é látilẹ̀. Kit ní kó má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, sà ni kó máa pe òun. Ẹ̀gbọ́n yín ni, ó kẹ́ yín dàgbà, ẹ wá ní kó máa pè yín ní sà! Mo mọ̀ pé Hong Kong ni, mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe ọlọ́pàá níbẹ̀ nìyẹn, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wọn nígbà náà, àmọ́ ta ni nínú àwa tá a ń ka èsì yìí tí ò mọ bí ìyẹn ṣe máa dun ẹ̀gbọ́n tó? Ho ò jà. Ó kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ojú Ti Lung níbẹ̀, ẹ padà lọ wò ó, kò ṣe nǹkan kan, kò pariwo, ojú yẹn kàn wó lulẹ̀ ni. Ẹ ní ẹkún pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n wa, àwọn àgbà ti ní bí a bá ń sunkún à á máa ríran, ìran tó wà nínú fíìmù yìí, ojú tó lómi ló ń rí i jù.

Oníbàárà wa kan náà ti kọ ọ́ síbí pé ọmọ náà, Kit, ń bí òun nínú, pé ó ti le jù. Ó yẹ kó bí èèyàn nínú lóòótọ́. Àmọ́ ẹ tún wò ó lápá tiẹ̀, wọ́n pa bàbá ẹ̀ níṣojú ẹ̀, níbi iṣẹ́ wọn ò fún un ní ìgbéga torí orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, àwọn ọ̀gá ń wò ó bí ẹni tó lè tú àṣírí. Leslie Cheung ló ṣe é, òun náà ló kọ orin inú fíìmù yẹn, ọ̀gbẹ́ni náà ti jẹ́ gbajúmọ̀ olórin kó tó débẹ̀. Ó kú lọ́dún 2003, tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ orin yẹn báyìí pẹ̀lú pé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣe mí bákan.

Lórí Chow Yun-fat, òótọ́ kúkú lẹ sọ pé òun kọ́ ló ni ìtàn. Àwọn tó tẹ DVD jáde ló fi àwòrán ẹ̀ síwájú, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 1986 tí fíìmù náà jáde, orúkọ Ti Lung ló ṣáájú, Leslie Cheung tẹ̀ lé e, kó tó wá kan Chow. Nígbà yẹn Chow jẹ́ ìràwọ̀ tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ tí ẹ bá gbé e sínú sinimá owó ò ní wọlé, àwọn oníwèé ìròyìn tiẹ̀ ń pè é ní májèlé fún ilé sinimá. Ti Lung náà, ní ilé iṣẹ́ Shaw Brothers ló ti gbajúmọ̀ nínú fíìmù onídà, ayé onídà ti kọjá, wọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ pè é mọ́. John Woo tó darí fíìmù náà, fíìmù apanilẹ́rìn-ín ló ti ń ṣe bọ̀, ọjà ẹ̀ kú, ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní kó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Taiwan. Tsui Hark ló dúró tì í tó bá a gbé fíìmù yìí jáde. Ẹ wò ó, àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ ẹ̀yìn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kóra jọ ṣe fíìmù nípa àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ ẹ̀yìn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò rò pé èèyàn tí ayé ò bá já sílẹ̀ rí lè ṣe é báyẹn. Owó tó pa ní Hong Kong lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dọ́là tiwọn, kò tíì sí fíìmù tó pa tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí títí di ìgbà náà. Lọ́dún 1987 wọ́n fún Chow ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó dára jù ní Hong Kong Film Awards, wọ́n fún fíìmù náà ní ti fíìmù tó dára jù, Taiwan náà ti fún Ti Lung ní àmì ẹ̀yẹ tiwọn, Golden Horse, lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí Hong Kong Film Awards wá to ọgọ́rùn-ún fíìmù Ṣáínà tó dára jù jọ lọ́dún 2005, ipò kejì ni wọ́n fi í sí. Mi ò ní torí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀ tipátipá o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé a ò kàn ṣàdéédéé polówó ẹ̀ ni.

Ẹ ní ọta ìbọn wọn kì í tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi ilé oúnjẹ ní Taiwan, ibi tí Mark, ìyẹn Chow, ti lọ gbẹ̀san ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń wọlé. Ó di ọwọ́ obìnrin kan mú, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ ń yí lọ ní kọ́rídọ̀, ó sì ń ki ìbọn ìléwọ́ bọ inú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìkòkò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó yìnbọn fún wọn nídìí tábìlì, ọta tán, ó ju ìbọn sílẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀ yẹn, ó ń mú ìmíràn látinú ìkòkò. Torí pé ọta máa tán ló ṣe kó o pa mọ́ síbẹ̀! Ẹnì kan tó rò pé òun ti pa tán ló wá yìnbọn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà ò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Mi ò sọ pé ibi gbogbo nínú fíìmù náà lọta ti ń tán, ìjà ìparí yẹn wọ́n ń yìn ín láìdúró lóòótọ́. Àmọ́ John Woo, ọmọ iṣẹ́ Chang Cheh ni, Chang Cheh tó ń ṣe fíìmù onídà fún Shaw Brothers, bí àwọn onídà yẹn ṣe ń jà lòun náà ṣe ń jẹ́ kí wọ́n fi ìbọn jà. Wọn kì í ka ọta níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni kì í bi onídà pé ṣé apá ò tíì ro ó.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń rà á lọ́wọ́ wa, ibi kóòtù gígùn, gíláàsì dúdú àti igi ìṣáná tí Mark ń jẹ lẹ́nu ni wọ́n máa ń sọ, àti ibi tó ti fi dọ́là tanná sí sìgá. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ní Hong Kong náà àwọn ọmọkùnrin ń wọ kóòtù yẹn kiri nínú ooru torí fíìmù yìí. Tèmi, ibi tí mo máa ń dá dúró sí ni lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí Ho tẹ̀wọ̀n dé. Mark tó ti ń tiro ń nu gíláàsì mọ́tò fún Shing, ọmọ kékeré tó jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ló ń tọ̀ tẹ́lẹ̀, Shing ju owó sílẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó wọnú gáréèjì lọ, ó ń jẹ oúnjẹ inú páálí. Ho ti ń wò ó láti ọ̀kánkán. Nínú lẹ́tà tí Mark kọ sí i lẹ́wọ̀n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un, nǹkan dáa ló sọ. Ẹ wo bí oúnjẹ yẹn ṣe dúró sí i lẹ́nu nígbà tó rí ẹni tó ń pè é. Ẹ̀gbọ́n, ẹkún wo ló pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn?

Ẹni tí ò bá tíì wò ó kó fo ibi tó kàn yìí o, mo fẹ́ sọ ìparí. Mark ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ti bọ́, ó ti ń lọ, ó wá yí ọkọ̀ padà. Nígbà tó kú, Kit ló di mú, ó ń sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti yí padà, kí ló dé tí kò lè foríji í, ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ni ìbọn ti bá a. Shing tó dalẹ̀ ní òun máa jọ̀wọ́ ara òun fún ọlọ́pàá torí ó mọ̀ pé owó máa tú òun sílẹ̀, Kit sì gbé ìbọn lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́wọ́. Odàlẹ̀ bá ilẹ̀ lọ. Ho wá mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kit, ó fi de ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Fíìmù tó bá jẹ́ ti ìbọn nìkan ò lè parí síbẹ̀.

Ní ti àwòrán tẹ́ ẹ ní kò mọ́ tó ti ìsìnyí, fíìmù ọdún 1986 ni, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ohun tá a máa ṣe nìyí. Ẹ fi Cantonese wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí kò bá tún wọ̀ yín lára, ẹ mú DVD náà bọ̀ pẹ̀lú páálí ẹ̀, a máa pààrọ̀ ẹ̀ fún yín láìgba kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ ìbọn àti Chow Yun-fat lẹ̀ ń wá, ẹ mú The Killer ti 1989 tàbí Hard Boiled ti 1992, John Woo ló ṣe méjèèjì, Chow ló sì ṣíwájú níbẹ̀. Apá kejì A Better Tomorrow, ti 1987, wà lọ́dọ̀ wa náà, ìbọn pọ̀ níbẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìbejì Mark ni Chow ṣe níbẹ̀. Apá kẹta, mi ò ní fún yín, Tsui Hark ló darí ìyẹn, Vietnam ló ti ṣẹlẹ̀, Ho àti Kit ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ká lè bá yín yọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.