Ta Ló Pa Ejò Náà?

“Bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ.” Òwe yìí máa ń dùn lẹ́nu wa ní Ifẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń wá ẹni tí yóò ṣe é. Bí iṣẹ́ bá ti parí, tó wá kan àga àti oyè, a kì í gbọ́ ọ mọ́; wọ́n á ní àṣà kò gbà á.

Àṣà ta ni? Obìnrin ti jẹ Ọọ̀ni rí: Lúwòó. Àwọn àgbà ní kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, ló bá pàṣẹ kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìgboro. Irú rẹ̀ wà ní Ìta Yemòó títí dòní. Wọn ò kàn da àpáàdì sílẹ̀: wọ́n gbé e nàró lórí etí rẹ̀, ìlà kan dojú kọ ọ̀tún, èkejì dojú kọ òsì, wọ́n há mọ́ra wọn débi pé òjò kò rí wọn wọ́ lọ. Wọ́n tún ní ọwọ́ Lúwòó le, pé ìyẹn ni Ifẹ̀ kò fi fi obìnrin jọba mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọba ọkùnrin mélòó ni ọwọ́ rẹ̀ le? Ta ló tìtorí ìyẹn ní kí ọkùnrin má jọba mọ́?

Mọ́remí la fẹ́ràn jù. Ó tọ́ sí i: ó gba ìlú là, ó fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ dìde ní 2016. Àmọ́ ara ń fu mí. Obìnrin tó pàdánù ọmọ rọ̀ wá lọ́rùn láti yìn. Èyí tó pàṣẹ la ń pè ní òǹrorò. (Ìjẹ̀ṣà náà ń ka obìnrin mọ́ àwọn Ọwá, ọba wọn àtijọ́; ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ní àṣà kò gbà á tàn yín.)

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹbí, ìyá tó ń gba owó àdájọ, tó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, tó ń parí ìjà agboolé, ẹ má fi í sí ìdí ààrò lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pín ilẹ̀. Ẹ pè é sí ìjókòó, kó sọ tirẹ̀ kí ẹ tó fẹnu kò. Kó sì fọwọ́ síwèé pẹ̀lú yín, torí bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ìwé ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.